Ẹṣin Òmìnira tí Gonchig So Mọ́lẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹṣin tó ní òmìnira jù lọ ní àfonífojì wa nígbà náà, kò le rárá. Ẹ ó kàn lọ sí ẹ̀yìn àgọ́ Gonchig, ibẹ̀ lẹ ó ti bá a níbi tí wọ́n so ó mọ́ òpó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gonchig ò bá yín rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Bàbá náà gbà tọkàntọkàn pé láti ìgbà tí a ti ń gbé inú àgọ́ onírun àgùntàn, kò tíì sẹ́ni tó bọlá fún ẹṣin tó òun. Eléérú ni wọ́n ń pe ẹṣin náà, torí àwọ̀ rẹ̀ ni. Àwa kì í dààmú ara wa wá orúkọ fún ẹṣin, àwọ̀ tó bá gbé wáyé la fi ń pè é. Norjmaa, ìyàwó Gonchig, ló ń gùn ún nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí àìsàn mú Norjmaa lọ, Gonchig ránṣẹ́ pe àlùfáà. Wọ́n da wàrà sí Eléérú lẹ́yìn, wọ́n fi èéfín ewé olóòórùn ra á lára, wọ́n so aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ ojú ọ̀run mọ́ irun ọrùn rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di seter. Ẹṣin tó bá ti di seter ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ aráyé nìyẹn. Ẹnì kan ò ní gùn ún mọ́, ẹnì kan ò ní nà án, wọn ò ní tà á, wọn ò ní pa á jẹ, irin ò sì gbọdọ̀ kan ara rẹ̀. Yóò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sínú pápá, yóò máa rìn lọ síbi tó bá wù ú títí ọlọ́jọ́ á fi dé.

Gbogbo òfin yìí ni Gonchig pa mọ́ láìku ọ̀kan, àfi ti ìkẹyìn yẹn.

Kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní ìkookò wà lórí òkè, kí Eléérú sùn sí tòsí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òjò ń bọ̀. Nígbà tí òjò dá, ó ní oòrùn ti mú jù. Nígbà tó yá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í yà, wọ́n á bu aṣáà fún un, wọ́n á wo ẹṣin náà, wọ́n á ní, "Háà, Bàbá Gonchig, ẹ mọ nǹkan tọ́jú o!" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú ju wàrà ẹṣin kíkan lọ. Ó wá ríbi tó tutù, tó rọ̀, létí odò, níbi tí koríko ti ga dé orúnkún, ó ri òpó mọ́lẹ̀, ó so seter mọ́ ọn. Okùn náà gùn dé etí omi. Eléérú á jẹun, á mu omi, á sùn, á tún jẹun. Bí ọlọ́lá bá ń gbé ayé báyìí, kí ni ọlọ́lá tún fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe?

Ìyẹn gan-an ni Gonchig ò rò, ẹni tí wọ́n bí sí ẹ̀yìn ẹṣin! Pátákò ẹṣin ń hù ni, bí èékánná tiwa ṣe ń hù. Kì í sinmi. Àwọn ẹṣin yòókù, odò ń bẹ níhìn-ín, koríko tó dùn ń bẹ lẹ́yìn òkè, iyọ̀ tí wọ́n ń lá tún ń bẹ níwájú sí i. Akọ ẹṣin tó jẹ́ olórí agbo á kó wọn dìde láàárọ̀, ó di orí òkúta wẹ́wẹ́, gbàrà-gbàrà, àlọ àti àbọ̀. Bí pátákò ṣe ń hù ni òkúta ń rẹ́ ẹ. Tí ojú ọ̀dá bá dé, tí pátákò gùn díẹ̀, etí rẹ̀ á ṣẹ́ dànù fúnra rẹ̀, a ó sì tún rí i ní róbótó bí etí abọ́. Ẹnì kan kì í gbé ọ̀bẹ dání tẹ̀ lé wọn, ẹnì kan kì í sì kan bàtà irin mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọdé ilẹ̀ wa tí kò tíì lè fọn ikun mọ èyí. Ṣùgbọ́n ojú tó bá kún fún omijé kì í rí ẹsẹ̀ ẹṣin.

Khorloo ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ̀gbọ́n Gonchig obìnrin ni, àgọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé àwọn ewúrẹ́ pàápàá máa ń yà fún un. Ó dúró létí odò lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mú ìbàdí.

"Gonchig, ọmọ ìyá mi, máa bọ̀. Ta ló rán bàtà tuntun fún ẹṣin ẹ?"

"Bàtà wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ yìí ńkọ́? Àbí o ò rí i? Imú ẹ̀ ti ń ká sókè bíi ti bàtà ọdún àwọn bàbá wa. Ìgbà wo lẹ máa wá lọ jó?"

Gonchig wo ẹsẹ̀ ẹṣin, ó wo ojú ọ̀run. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ rẹwà ni. Ẹṣin tí kì í ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í jẹ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó rẹwà. Ikú náà ń rẹwà báyìí kó tó wọlé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò sọ nǹkan kan. Ṣé mo sọ̀rọ̀?"

Ó tún sọ ọ́ lọ́la, àti lọ́túnla, àti nígbàkígbà tó bá gbé igbá wàrà kọjá. Gonchig fi etí rẹ̀ sílé. Ìgbà tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, tí koríko pọ́n, ni Eléérú bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú ti gbòòrò sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwo, ó sì ti sán láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Tó bá fẹ́ rìn, á kọ́kọ́ rò ó wò ná.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ba Gonchig dé ìdí ọkàn. Torí pé ọjọ́ tí a ó kó lọ sí ibùdó òtútù ti sún mọ́lé, ibùdó náà sì wà lẹ́yìn òkè tí à ń pè ní Ọ̀nà Olókùúta. Ohun tó bá kù síhìn-ín nígbà tí yìnyín bá dé, ti ìkookò ni. Ẹṣin tí kò bá lè gun òkè yẹn, a máa ń pa á fún ẹran òtútù ni, kó má bàa jìyà. Ṣùgbọ́n ta ló máa pa seter? Bí Eléérú ò bá lè rìn, àfi kí wọ́n fi í sílẹ̀ létí odò pẹ̀lú aṣọ ṣẹ́dà rẹ̀, kó máa dúró de eyín ìkookò.

Sambuu, aládùúgbò wọn tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan báyìí, wá wo ẹsẹ̀ náà. Ó yọ fìlà, ó họ orí.

"Bàbá, nǹkan kékeré ni. Ẹ jẹ́ ká gé e. Mo ní ọ̀bẹ tó mú. Ká tó mu tíì kan tán, ó ti parí."

Gonchig fò sókè. "Irin! Lára seter! Sambuu, ṣé ìwọ lo fẹ́ kí òkè bínú sí wa? Ṣé o fẹ́ kí ààrá sán pa ẹran wa ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mo kàn ní…"

"Irin ò gbọdọ̀ kàn án! Àṣẹ ni!"

"Òótọ́ lo sọ," Khorloo dáhùn látẹ̀yìn, ó ń fún wàrà ewúrẹ́ rẹ̀ lọ láìgbé ojú sókè. "Irin ò gbọdọ̀ kàn án. Okùn ló lè kàn án. Okùn ò ṣe nǹkan kan, okùn kì í ṣe irin. Gonchig wa mọ òfin ju ẹni tó ṣe é lọ."

Gonchig kọ ẹ̀yìn sí i. Ó jókòó ti ẹṣin náà títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Nígbà tó dìde, ó ti ní ìmọ̀ràn. Ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn àgbàlagbà o: wọ́n á fi ọkọ̀ gbé Eléérú. Ẹṣin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kó lè máa rìn níbi tó bá wù ú, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò rìn fún un. Sambuu tún họ orí, ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, kò lè kọ̀ fún àgbà.

Ọjọ́ ìkólọ pé. Agbo ẹṣin ti ṣáájú láti àná. Ẹnì kan ò darí wọn, akọ ẹṣin ti gbọ́ òórùn òtútù ṣáájú gbogbo wa, ó ti kó àwọn ìyàwó rẹ̀ gun òkè lọ. Àgùntàn àti ewúrẹ́ tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àwọn ẹbí. Àwa yòókù di àgọ́ mẹ́rù. Nínú ọkọ̀ Sambuu ni wọ́n kó ẹrù Gonchig àti ti Khorloo sí, wọ́n to àpótí, ààrò irin àti ẹní onírun sí iwájú, Eléérú dúró sẹ́yìn, ó yọrí síta. Gonchig dúró tì í, ó dì í lọ́rùn mú. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé ìyàwó ni wọ́n ń gbé lọ ilé ọkọ. Khorloo jókòó sórí àpótí tirẹ̀, ó di ìborùn, ó ní kí ẹnì kankan má bá òun sọ̀rọ̀, òun ò fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ọkọ̀ má bàa dojú dé.

Wọ́n gun òkè díẹ̀, ọkọ̀ ń kérora. Wọ́n dé ibi tí òkúta ti pọ̀ bí ẹni dà wọ́n sílẹ̀, ọkọ̀ wúkọ́, ó mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Sambuu ṣí iwájú rẹ̀, ó wò ó, ó tutọ́. Ó tún gbìyànjú. Ọkọ̀ náà yọ̀ padà sẹ́yìn, gbogbo wọn pariwo.

"Bàbá, ó wúwo jù," ó ní. "Kí ẹṣin sọ̀ kalẹ̀. Bí kò bá sọ̀, ibí la máa wà."

"Kó sọ̀ sórí òkúta yìí? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?"

"Àbí kí n sọ ẹ̀gbọ́n yín kalẹ̀ ni?"

"Gbé mi sọ̀!" Khorloo ní. "Èmi lẹsẹ̀ mi ò tíì ká sókè."

Kò sí ọ̀nà míì. Wọ́n gbé pákó tì, wọ́n rọra mú Eléérú sọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan òkúta, ara rẹ̀ gbọ̀n, ó gbé e sókè padà. Gonchig pariwo. Ó sáré lọ sínú ọkọ̀, ó fa ẹní onírun jáde, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn lé, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹṣin. Eléérú gorí rẹ̀. Ó fa òmíràn, ó tẹ́ ẹ. Ẹṣin gba ibẹ̀ kọjá. Ó sáré padà kó ti àkọ́kọ́, ó tún gbé e lọ síwájú. Ẹ wá wo àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n funfun, tó ń tẹ́ ẹní fún ẹṣin lórí òkè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọba kan ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ẹní tó ń tẹ́ tán, ó wá fi ọwọ́ kan aṣọ òrùlé àgọ́ Khorloo.

"Gonchig!" Khorloo kígbe. "Gbé aṣọ òrùlé mi sílẹ̀ o! Ṣé yìnyín á wá máa sùn tì mí ni? Gbé e sílẹ̀ kí n tó jẹ́ kí wọ́n sọ ìwọ náà di seter!"

Ó gbé e sílẹ̀. Kò lókun mọ́ lọ́nàkọnà. Ọkọ̀ Sambuu ti fúyẹ́, ó ti gun ibi tó le kọjá, ó ń dúró lókè, Gonchig àti ẹṣin náà sì ti fi ẹní gun dé ibẹ̀. Oòrùn ti yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, atẹ́gùn sì ti ń mú bí abẹ. Gbogbo wọn mọ̀ pé bí ilẹ̀ bá ṣú bá ẹṣin yìí lórí òkè, kò ní rí ọ̀la.

Àfi bí ẹṣin kan ṣe yán láti ìsàlẹ̀ òdì kejì. Akọ ẹṣin wọn ni. Agbo wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń jẹ koríko gbígbẹ. Etí Eléérú nà gbọnrangandan. Ó gbé orí sókè, ó dáhùn. Ara rẹ̀ látòkè délẹ̀ ló fi yán, a ò tíì gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ látìgbà tó ti ń gbé etí odò. Ó fa okùn. Gonchig fà á padà.

"Tú u," Khorloo ní.

"Òkúta á jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ tán."

"Tú u, Gonchig."

"Mi ò lè tú u!"

"Kí ló dé tí o ò lè tú u? Okùn yẹn ti so mọ́ ẹ lọ́wọ́ ni?"

Gonchig yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Bó bá lọ, kí ló kù fún mi? Tí mo bá lajú láàárọ̀, tí mo gbọ́ ọ tó ń já koríko lẹ́yìn àgọ́, ńṣe ló máa ń dà bíi pé Norjmaa ti jí ṣáájú mi, pé ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀, pé ó ń bọ̀ wá dáná. Mo máa ń dùbúlẹ̀, mi ò ní dìde. Mi ò ní dìde kí n má bàa lọ rí i pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, àárọ̀ nìkan ni mo ní."

Khorloo la ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́, èébú wà níbẹ̀ tó ti pèsè sílẹ̀. Kò bọ́ síta. Ó sún mọ́ àbúrò rẹ̀, ó gbá eruku kúrò lára ẹ̀wù rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé.

"Mo mọ̀," ó ní. "Àmọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fi ń san gbèsè àárọ̀ ẹ. Wò ó."

Gonchig wo ẹsẹ̀ náà. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò ó ní tòótọ́. Ó fi ọwọ́ kan kókó okùn, kókó náà ti le jù, kò tú. Ó tẹ ẹnu sí i, ó fi eyín tú u.

Okùn bọ́. Eléérú ò lọ. Ó dúró gbagidi lórí ẹní Gonchig, ó ń wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀, bí ẹni pé òmìnira náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó bẹ̀rẹ̀. Gonchig ò sì lè nà án.

"Lọ!" ó kígbe. "Chú! Aláìmoore! Olójú kòkòrò! O jẹ gbogbo koríko mi tán, kí lo tún ń dúró ṣe? Kúrò níwájú mi! Lọ, ẹranko burúkú yìí, lọ!" Omijé ń dà lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Eléérú gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní, ó fi tẹ òkúta. Ó tiro, ó tún tiro. Ó bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó yọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ: kà!

"Yéè! Ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kán!" Gonchig wólẹ̀. "Mo ti pa á! Mo ti pa ẹṣin Norjmaa o!"

Khorloo ti sọ̀ dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú nǹkan kan láàárín òkúta, ó gbé e wá, ó tì í sí àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ègé pátákò ni, ó fẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti já látibi tó ti sán tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Wá ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ kí n rí i. Èékánná ló gé, Gonchig. Èékánná! Òkúta kì í ṣe irin o, òfin ẹ ò sọ ohunkóhun nípa òkúta."

Ní ìsàlẹ̀, Eléérú ṣì ń tiro lọ. Ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń lọ. Akọ ẹṣin wá pàdé rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó bù ú jẹ ní èjìká kan pé ó ti pẹ́ jù, ó wá jẹ́ kó wọ agbo. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò yè é. Sambuu náà ò mọ̀. Khorloo tó mọ gbogbo nǹkan náà ò mọ̀.

Òtútù ọdún yẹn ò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Nígbàkígbà tí ìjì bá ń jà, Gonchig á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn àgọ́, kò ní mu tíì rẹ̀ títí á fi di yìnyín. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹṣin náà ti kú, pé òun ló pa á. Bí ẹnì kan bá sì gbà fún un pé ó ti kú lóòótọ́, á bínú, kò ní bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ wá sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, agbo sọ̀ kalẹ̀ wá mu omi ní ibi tí odò ti là. Gonchig àti Khorloo ń kó ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ jọ fún ìdáná nítòsí. Khorloo ló fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Eléérú wà láàárín wọn. Ó ti rù, egungun ìhà rẹ̀ ń hàn, ìrẹ́pẹ́ aṣọ ṣẹ́dà ló kù mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi dúró. Pátákò rẹ̀ ti kúrú, ó ti rí róbótó, etí pátákò náà ti jẹ jágajàga bíi ti gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa ní ẹ mọ nǹkan tọ́jú.

Gonchig rìn sún mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀. Ó pè é bí Norjmaa ṣe máa ń pè é. Eléérú gbé imú kúrò nínú omi. Ó na ọrùn, ó gbọ́ òórùn apá ẹ̀wù bàbá náà, ó mí sí i lọ́wọ́, èémí gbígbóná. Ọwọ́ kan náà yẹn gbéra fúnra rẹ̀, ó ń lọ síbi irun ọrùn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó dì í mú ni Eléérú yí padà. Ó sáré. Ó sáré bí ẹṣin tí kò tiro rí láyé, lórí òkúta wẹ́wẹ́, agbo tẹ̀ lé e, ilẹ̀ ń dún. Wọ́n gun òkè, wọ́n kọjá sí òdì kejì, kò bojú wẹ̀yìn.

Ọwọ́ Gonchig ṣì wà lókè. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Kò mọ̀ mí mọ́," ó ní.

"Ó mọ̀ ẹ́," Khorloo dáhùn. "Kò kàn dúró ni."

Gonchig fi apá ẹ̀wù nu imú. Ó wo òkè tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, Norjmaa ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Khorloo ní, "ó ti kú." Ó di ìdajì ẹrù ìgbẹ́ náà lé èjìká tirẹ̀, ó fi ìdajì sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, wọ́n sì lọ dáná.